Server méjì la ní, kí ló tún ń jẹ́ kí kọ́sítọ́mà máa bọ́ síta?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Server Tomcat méjì, ìyẹn ètò Java tó ń gbé sáìtì ṣiṣẹ́, la gbé kalẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì wa, HAProxy, ìyẹn balancer, wà níwájú tó ń pín èèyàn sí wọn. Ọ̀kan kú lálẹ́ àná, sáìtì ò kú lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà ló ní láti tún login, gbogbo ohun tí wọ́n ti kó sínú cart sì pòórá. Ṣé torí irú èyí kọ́ la ṣe ra ìkejì ni?

Ìdáhùn: Ìkejì ṣiṣẹ́ tiẹ̀ o, òun ni ò jẹ́ kí sáìtì yín kú. Session, ìyẹn ohun tí server ń rántí nípa ẹni tó wọlé, ló bá èyí tó kú lọ. Tẹ́nì kan bá ti login, inú memory Tomcat tó gbà á wọlé ni orúkọ ẹ̀ àti ọjà ẹ̀ máa wà, browser tiẹ̀ kàn gba cookie kan tó ń jẹ́ JSESSIONID ni, nọ́ńbà lásán nìyẹn, kò sọ́jà kankan nínú ẹ̀. Ẹ wo alájọ méjì ládùúgbò kan tóníkálukú ní ìwé tiẹ̀ lápò: bí ọ̀kan ò bá wá lónìí, ìkejì lè gbowó lọ́wọ́ yín, àmọ́ kò mọ iye tẹ́ ẹ ti dá sílẹ̀.

Ìbéèrè: Sticky session ńkọ́? A ti ṣe ìyẹn.

Ìdáhùn: Ìyẹn kàn ń dá èèyàn padà sọ́dọ̀ server tó kọ́kọ́ gbà á ni. Ẹ fi jvmRoute="apa1", ìyẹn orúkọ server náà, sínú Engine nínú server.xml tó jẹ́ fáìlì ètò Tomcat, cookie yẹn á máa parí sí .apa1, balancer á sì mọ ibi tó máa darí ẹ̀ sí. Ẹ má yọ ọ́, ó wúlò, àmọ́ lọ́jọ́ tí apa1 bá kú, ta ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́?

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe máa wá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn?

Ìdáhùn: Ẹ fi SimpleTcpCluster, tó ń so àwọn Tomcat pọ̀, sínú server.xml. DeltaManager ló máa ń lò tẹ́ ẹ ò bá yan nǹkan míì, ìyẹn á máa ṣẹ̀dà session kọ̀ọ̀kan sórí gbogbo àwọn tó kù, ó dáa fún server méjì mẹ́ta, tí wọ́n bá ti pọ̀ ẹ lo BackupManager tó ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbì kan péré. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé láti kọ <distributable/> sínú web.xml, fáìlì ètò sáìtì yín, o, tí kò bá sì sí níbẹ̀, kò sí ẹ̀dà kankan. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó sínú session gbọ́dọ̀ jẹ́ Serializable, ìyẹn ohun tí Java lè sọ di data tó ṣeé fi ránṣẹ́, kí aago àwọn server náà sì bára mu.

Èyí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni multicast, ìyẹn kí server kan ké sí gbogbo àwọn tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Orí 228.0.0.4, port 45564, ni àwọn Tomcat ti ń wá ara wọn, ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì cloud ò sì jẹ́ kó kọjá, kálukú á kàn dá wà láìsí error kankan. Ẹ wá "Replication member added" nínú log, tẹ́ ò bá rí i, wọn ò tíì mọra. StaticMembershipInterceptor lẹ máa fi kọ àdírẹ́sì wọn síbẹ̀ fúnra yín. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ kúkú kó session sínú Redis, ìyẹn ibi ìkódátà ọ̀tọ̀ tí gbogbo wọn á jọ máa lò, kí Tomcat má mú nǹkan kan dání mọ́, àmọ́ Redis kan ṣoṣo náà lè kú o, Sentinel tó ń ṣọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ tó mẹ́ta.

Ìbéèrè: HAProxy wa náà, ọ̀kan ṣoṣo ni.

Ìdáhùn: Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ gbé ìkejì kalẹ̀, kẹ́ ẹ fi keepalived so wọ́n pọ̀, IP kan ṣoṣo làwọn méjèèjì á jọ máa lò, tí èyí tó ń ṣọ̀gá bá dákẹ́, ìkejì á gbà á láàárín bíi sẹ́kọ́ńdù 4. HAProxy fúnra ẹ̀ máa ń yẹ Tomcat wò ní sẹ́kọ́ńdù méjì-méjì, ó dìgbà tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yọ ọ́, torí náà àwọn kan ṣì máa rí error díẹ̀ kó tó yọ ọ́. Ẹ wo database náà, àti iná: mo ti rí server méjì lórí inverter kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Ṣé ká kàn stop ọ̀kan fi dán an wò?

Ìdáhùn: Rárá, tẹ́ ẹ bá rọra stop ẹ̀, á ráyè dágbére fún ìkejì. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan kó nǹkan sínú cart, kẹ́ ẹ wá lo kill -9 láti pa Tomcat tó wà lójijì, lọ́jọ́ míì ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì server náà yọ, kẹ́ni náà wá tẹ checkout.