Ìjọba Tó Ń Ni Ará Ìlú Lára: Ṣé Kí Sójà Ìlú Míì Lọ Lé E?

Ìbéèrè láti Iléṣà: ECOWAS, àjọ àwọn ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó sójà lọ lé Ààrẹ Yahya Jammeh tó kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀ ní Gambia lọ́dún 2017. Kí ló dé tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Niger lọ́dún 2023 tí sójà gbàjọba níbẹ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tọ̀hún ò pọ́n tó ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀jẹ̀ kọ́, ilẹ̀ ni. Ibi tí Gambia ti fẹ̀ jù kò tó kìlómítà 50, Senegal ló sì yí i ká àfi létí òkun. Adama Barrow tó bá Jammeh díje ti wọlé ìbò, wọ́n sì ti búra fún un ní Dakar lọ́jọ́ 19 oṣù Kìíní, kí sójà tó wọ ìlú. Olórí ọmọ ogun Gambia ní àwọn ò ní jà. Equatorial Guinea sì gba Jammeh sílé. Lọ́jọ́ 21 ó ti wọ bàálù. (Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn pé ó lọ ń jayé níbòmíì. Àmọ́ ẹni tí kò rọ́nà sá gbà, ìjà àjàkú ló máa jà.)

Ààlà Nàìjíríà àti Niger lé ní kìlómítà 1,500. Ará Katsina níbí àti ará Maradi ní Niger ń fẹ́ra wọn, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Ààrẹ Bazoum tí wọ́n lé kúrò wà lọ́wọ́ àwọn tó gbàjọba. Ìbọn àkọ́kọ́ lè jẹ́ ikú tiẹ̀. Ọjọ́ 7 tí ECOWAS dá fún wọn láti dá Bazoum padà sórí oyè kọjá, wọn ò mira.

Ìbéèrè: Ṣé Ààrẹ wa ò lè dá pàṣẹ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Abala 5 òfin 1999 ní kí Ilé Aṣòfin Àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí sójà tó lọ jagun lẹ́yìn odi, àfi tí ewu bá ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sórí ìlú. Lóṣù Kẹjọ 2023, wọ́n ní kí Tinubu wá ọ̀nà òṣèlú.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ń pa ará ìlú ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó tọ́ kí a gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbàlà ará ìlú yàtọ̀ sí lílé ìjọba. Ní Libya lọ́dún 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí wọ́n dáàbò bo ará ìlú, kí sójà òkèèrè má sì gba ilẹ̀ náà. Bàálù ogun NATO ṣe iṣẹ́ tiẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ Libya pa Gaddafi tó jẹ́ olórí wọn, kò wá sẹ́ni tó ṣọ́ ilé ìbọn. Ìbọn gba aṣálẹ̀ lọ sí Mali. Ogun bẹ́ níbẹ̀ lóṣù Kìíní 2012.

Ìbéèrè: Tí ẹ̀tọ́ bá wà lọ́wọ́ wa, ṣé ogun ò ní tètè parí?

Ìdáhùn: Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kó dáhùn èyí. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti fojú wọn rí màbo, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ló ṣáájú ogun, àwọn ọmọ wọn ní Èkó sì ra ìbọn tuntun ránṣẹ́. Síbẹ̀, ọdún 1877 tí Kírìjì, ogun àwọn àti Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀, 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ó sì tún di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó kúrò ní bùdó Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí.