Ẹ Bi Mí ní Ọjọ́ Tí Owó Máa Dájú, Ẹ Yé Bi Mí ní Iye Mílíọ̀nù

Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta lọ́dọọdún, fóònù mi kì í sinmi mọ́. "Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa dúpẹ́, wọ́n ti fún ọmọ wa ní mílíọ̀nù 30 dọ́là!" Èmi a ní, "Ẹ kú oríire, Olúwa á fi àlàáfíà ná an. Mélòó ló dájú níbẹ̀? Ọjọ́ wo ló máa dájú?" Wọn a dákẹ́. Ẹlòmíràn a ní kí n má fi ẹnu mi ba ayọ̀ òun jẹ́. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń ṣe aṣojú fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, Houston níbí ni mo jókòó sí, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi í sọ lórí fóònù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ wàyí: owó tó dájú ni owó tí ẹgbẹ́ á san bí wọ́n bá tilẹ̀ lé eléré náà.

Bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù náà, ẹ̀ ń wò ó ní tẹlifíṣọ̀n, n kò ní fi ìyẹn fi àkókò ṣòfò. Owó ni tèmi. Ní 1993 ni àwọn eléré NFL, ìyẹn líìgì ńlá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, já òmìnira gbà pé ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá ti tán lè lọ bá ẹgbẹ́ tó wù ú. Lọ́dún náà ni ẹgbẹ́ Green Bay fi mílíọ̀nù 17 fún ọdún mẹ́rin gbé Reggie White, ọ̀kan nínú àwọn eléré tó lókìkí jù nígbà náà. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ò sì fi ọwọ́ lẹ́rán: láti 1994 ni wọ́n ti fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí eléré lọ́dún. Mílíọ̀nù 34.6 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ó ti di mílíọ̀nù 279.2. Nínú owó tó ń wọlé fún gbogbo líìgì ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, ìdí nìyí tó fi já wálẹ̀ láti 198.2 sí 182.5 ní 2021, lẹ́yìn tí Kòrónà lé èrò kúrò ní pápá. Ẹgbẹ́ 32, gbèdéke kan náà. Bó ti wù kí olówó Dallas lówó tó, yàtọ̀ sí ṣẹ́kù tó bá gbé wá láti ọdún tó kọjá, kò láṣẹ láti na ju ti Green Bay lọ.

Ibi tó ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé owó tó wọ àpò eléré àti owó tí wọ́n kọ sínú ìwé gbèdéke, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Owó ìtọwọ́bọ̀wé, ìyẹn owó tí wọ́n ń fún eléré torí pé ó fọwọ́ sí àdéhùn, eléré máa ń tètè gbà á. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí ẹgbẹ́ pín in sórí iye ọdún tí àdéhùn ní, kó ṣáà má ju ọdún márùn-ún lọ. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní mílíọ̀nù 20 lórí àdéhùn ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 4 ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ ti gba owó rẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ ló rajà láwìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́njú bá òṣómàáló, àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà tó ń tà láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, ẹ máa mọ ohun tí mò ń wí. Òṣómàáló ni gbèdéke NFL. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá lé eléré náà, gbogbo ìpín tó kù sábà máa ń rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Òkú owó la ń pè é: onítọ̀hún ti kúrò nílé, owó rẹ̀ ṣì ń gba àyè lórí ibùsùn.

Ẹ mú bíírò, kẹ́ ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Àdéhùn méjì rèé, ọdún márùn-ún márùn-ún. Nínú ti àkọ́kọ́, owó ìtọwọ́bọ̀wé jẹ́ mílíọ̀nù 20, owó iṣẹ́ ọdún kẹta, tí kò dájú, jẹ́ mílíọ̀nù 9. Nínú ti èkejì, owó ìtọwọ́bọ̀wé jẹ́ mílíọ̀nù 5, owó iṣẹ́ ọdún kẹta, tí òun náà ò dájú, jẹ́ mílíọ̀nù 12. Lọ́dún kẹta, mílíọ̀nù 13 ni àwọn méjèèjì máa jẹ́ lórí ìwé. Bí ẹgbẹ́ bá lé ẹni àkọ́kọ́, òkú owó mílíọ̀nù 12 á já lé wọn lórí, mílíọ̀nù 1 péré ló máa ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá lé ẹnì kejì, òkú owó ò ju mílíọ̀nù 3 lọ, mílíọ̀nù 10 á sì ṣí sílẹ̀ láti fi wá ẹlòmíràn. Ẹnì kejì yìí, kó ti máa di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí mi tí mò ń bá àwọn ẹgbẹ́ fa owó ìtọwọ́bọ̀wé bí ẹni fa okùn, iṣẹ́ ọmọ yín ní ọdún kẹta ni mò ń dáàbò bò.

Denver mọ bí òkú owó ṣe ń wúwo. Ní 2022 wọ́n gba Russell Wilson, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn yòókù (quarterback), lọ́wọ́ Seattle, wọ́n sì fún un ní àdéhùn tuntun ọdún márùn-ún tó lé ní mílíọ̀nù 240 kó tó gbá eré kan ṣoṣo fún wọn. Nígbà tó fi di oṣù kẹta 2024, wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù 85 òkú owó ló fi sílẹ̀, wọ́n sì ní láti pín in sí ọdún méjì. Ohun tó gbà wọ́n ni Bo Nix, ọmọ tuntun tó ń gba owó kékeré nípò kan náà, tó sì gbé wọn dé ìpele ìkòmẹsẹ̀-ò-yọ lọ́dún yẹn. Ọmọ tuntun tó mọ̀ ọ́n gbá ni ọjà tó pọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹgbẹ́ fi ń wá àyè. Wọ́n lè sọ owó iṣẹ́ ọdún yìí di owó ìtọwọ́bọ̀wé kí wọ́n lè pín in síwájú. Nígbà tí ẹ bá kà á pé ọmọ wa gbà kí wọ́n tún àdéhùn òun tò láti ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ẹ má bá a káàánú, kọ́bọ̀ kan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àní owó náà tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Wọ́n sì lè fi ọdún orí ìwé lásán kún un, ọdún tí kò sẹ́ni tó máa gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, kí ìpín lè kéré. Gbogbo rẹ̀, àwìn náà ni.

Tó bá wá jẹ́ pé gbèdéke kan náà ló ká gbogbo wọn mọ́, kí ni wọ́n fi ń fa eléré mọ́ra? Owó orí wà níbẹ̀. Texas, Florida, Tennessee àti Nevada kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó iṣẹ́. Ní California, lórí owó ńlá, ó lè kọjá ìdá 13 nínú 100. Ẹgbẹ́ tó wà lápá ibí mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé eré tó bá lọ gbá ní California, California á gba tirẹ̀ níbẹ̀. Kóòṣì tó ti mọ iṣẹ́ ọmọ náà tẹ́lẹ̀ máa ń fà á. Ibi iṣẹ́ pẹ̀lú: láti 2022 ni NFLPA, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré, ti ń bi wọ́n léèrè nípa oúnjẹ, yàrá ìtọ́jú àti bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe sí ìyàwó àtọmọ wọn. Èmi gan-an ti rí eléré tó kọ owó tó pọ̀ jù nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ò ríbi gbé ọmọ ọwọ́ jókòó sí lọ́jọ́ eré. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Owó tó dájú ló borí gbogbo rẹ̀. Ẹ wo Foyesade Oluokun, ọmọ tó jáde ní Yale, tí Atlanta mú ní ìpele kẹfà ní 2018, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ tán ní 2022, Jacksonville fún un ní mílíọ̀nù 45 fún ọdún mẹ́ta, 28 níbẹ̀ ló dájú. Ẹ wo Dayo Odeyingbo. Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já nígbà kan kí Indianapolis tó mú un ní 2021. Ní oṣù kẹta 2025 ó lọ sí Chicago: ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 48, 32 ló dájú. Kí ọdún náà tó parí, iṣan gìgísẹ̀ tún já. Mílíọ̀nù 32 yẹn ni ìdílé máa fi sùn lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọdún NFL máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù kẹta, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àkókò New York. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n gba àwa aṣojú láyè láti bá gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Àpò kún nígbà náà. Bí owó kan bá wà nínú àdéhùn ọmọ yín tí wọ́n ní àfi tó bá ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ báyìí-báyìí kó tó di tirẹ̀, ọjọ́ kẹta tàbí ìkarùn-ún ọdún NFL ni kí ọjọ́ náà jẹ́. Ẹgbẹ́ á ní láti pinnu kíá. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́, kí wọ́n lé e nígbà tí ẹgbẹ́ 31 yòókù ṣì lówó lọ́wọ́. N kò tíì fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kankan rí, n kò sì ní fi í sílẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan wọ ọ́fíìsì mi. Ó tú ìdí ìborùn rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde tó ti rún, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Bíírò búlúù ni wọ́n fi yí nọ́ńbà kan po lẹ́ẹ̀mẹta. "Lọ́yà, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní ọmọ mi ò níṣẹ́ mọ́. Owó tó kù yìí ńkọ́?"

Mo kà á dé ojú ìwé àfikún, ọkàn mi bàjẹ́. Bùrọ̀dá kan nínú ìjọ wọn, tó ń bá èèyàn ta ilé, ló ní kí ọmọ náà lé aṣojú rẹ̀ dànù kó máa dúnàá-dúrà fúnra rẹ̀. Òfin gba eléré láyè bẹ́ẹ̀. Bùrọ̀dá á máa sọ ohun tó máa wí fún un láti ẹ̀yìn, ó sì gba ìdá 10 nínú 100. Èmi tí mo jókòó ìdánwò NFLPA, tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ òfin kí n tó lè jókòó rẹ̀, NFLPA ò gbà kí n gba ju ìdá 3 lọ! Ẹgbẹ́ náà ti kọ mílíọ̀nù 6 sí ọjọ́ karùn-ún ọdún kejì. Bùrọ̀dá fẹ́ kí àpapọ̀ owó náà dún létí, ó ní kí wọ́n fi kún un. Wọ́n ní kò burú, àwọn á fi mílíọ̀nù 2 kún un, kí ọjọ́ náà sún sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ. Wòlíì wọn ní Ìbàdàn jẹ́rìí sí i lórí fóònù pé mẹ́jọ ni nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Mo gba Ọlọ́run gbọ́, mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ìwé àdéhùn rí kò gbọdọ̀ fi orúkọ Ọlọ́run dá ọjọ́ sí i. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń fi ṣeré.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí oṣù kẹjọ wọlé, wọ́n lé ọmọ náà. Mílíọ̀nù 8 wọmi. Ẹgbẹ́ náà ò rú òfin kankan, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe. Mo pe gbogbo ẹgbẹ́ tó kù. Mẹ́rìndínlógún ló gbé fóònù mi, ohùn kan náà ni wọ́n sì ń sọ: a mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n gbá, owó ti tán. Owó tó kéré jù lọ tí òfin gbà ló padà fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún náà. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti da ìpìlẹ̀ ilé alájà méjì ní Abẹ́òkúta lórí mílíọ̀nù 8 yẹn, irin ṣì yọ sókè níbẹ̀ títí di òní.

Fèrèsé oṣù kẹta ò ní pẹ́ ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo ìwé, kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọmọ tó fọwọ́ sí i. Ẹ má ya fọ́tò ojú ìwé kìn-ín-ní nìkan. Ojú ìwé àfikún tó wà lẹ́yìn ni mo fẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọjọ́ sí.