Triage: Kí Ló Dé Tí Dókítà Fi Fo Ẹni Tó Ń Ké Kọjá?

Àbúrò mi obìnrin ló fà mí wọ inú eré Kòríà. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi a máa sùn ní tèmi bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí n bá òun wo Descendants of the Sun, torí pé dókítà àti nọ́ọ̀sì ló kún inú ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Tẹlifíṣọ̀n KBS ló gbé e jáde ní Gúúsù Kòríà lọ́dún 2016, apá 16, láti ìparí oṣù Kejì títí di àárín oṣù Kẹrin. Nígbà tó máa fi dé apá tó kẹ́yìn, ìdá 38.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ka àwọn tó ń wò ó sí lọ́hùn-ún. Ìfẹ́ ló gbé e débẹ̀: Yoo Si-jin, sójà tí Song Joong-ki ṣe, àti Kang Mo-yeon, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí Song Hye-kyo ṣe. Wọ́n pàdé ní Seoul, wọ́n túká, wọ́n tún lọ pàdé ní Uruk, orílẹ̀-èdè tí ẹ ò lè rí nínú máàpù kankan torí pé àwọn òǹkọ̀wé eré náà ló dá a sílẹ̀. Erékùṣù Zakynthos ní Gíríìsì ni wọ́n ti ya díẹ̀ nínú ẹ̀, wọ́n sì kọ́ ibùdó àwọn sójà sí Taebaek ní Kòríà.

Àbúrò mi ń wo ojú Song Joong-ki. Èmi ń wo ọwọ́ dókítà. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Uruk, tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n ń kọ́ wó lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí, tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárín àwọn tó fara pa, àbúrò mi bi mí léèrè pé, "Àǹtí, kí ló dé tí wọ́n kàn ń fo àwọn kan kọjá? Ṣé wọn ò rí ìyẹn tó ń pariwo ni?" Mo ní wọ́n rí i. Mo ní bó ṣe ń pariwo yẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n fò ó. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló ń jẹ́ triage. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, láti ara "trier", tó túmọ̀ sí kéèyàn ṣa nǹkan. Wọ́n ń lò ó fún irun àgùntàn àti kóró kọfí kó tó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ti jókòó ti fẹ́rẹ́ ẹ̀wà rí ti mọ̀ ọ́n: ojú á máa sáré, ọwọ́ á máa sáré, èyí tó dáa lọ sọ́tùn-ún, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ sósì, òkúta lọ sílẹ̀. Ẹ ò ní gbé ẹyọ kan dání kẹ́ ẹ máa wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àbí ìgbà wo lẹ fẹ́ se oúnjẹ? Ibi tó ti yàtọ̀ sí ti ẹ̀wà ni pé èyí tó bàjẹ́ jù, tó ṣì ṣeé gbà là, ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú níbí, kì í ṣe èyí tó dáa jù.

Lásìkò Napoleon, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n sọ ọ́ di ìlànà lójú ogun. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ á wà nílẹ̀ títí ìjà á fi parí, àwọn ọ̀gá ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gbé. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Dominique-Jean Larrey ló yí i padà. Ó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin fúyẹ́fúyẹ́ tó lè wọ ojú ogun kíákíá kó lọ gbé àwọn tó ṣubú, ó sì fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, yálà ọ̀gágun ni o tàbí ẹni tó ń gbé omi. Àwọn ọ̀tá náà wà nínú ìṣirò yẹn.

Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ekuru bò, nígbà tí ẹ̀rọ kankan ò sí lọ́wọ́?

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní START. Lọ́dún 1983 ni àwọn òṣìṣẹ́ Hoag Hospital àti àwọn panápaná ìlú Newport Beach, ní California, gbé e kalẹ̀, òun sì ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò yẹ kó gbà tó ìṣẹ́jú kan lórí ẹnì kan. Káàdì aláwọ̀ kan ni wọ́n ń so mọ́ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bí ìtọ́jú rẹ̀ ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó. Ẹ jẹ́ ká fi Uruk kọ́ ọ.

Ẹ dé ibi tí ilé ti wó. Ẹ kọ́kọ́ pariwo pé, "Gbogbo ẹni tó bá lè rìn, ẹ máa bọ̀ níbí!" Àwọn tó bá dìde, tí wọ́n rìn wá, káàdì àwọ̀ ewé ni tiwọn. Ọwọ́ ẹlòmíì lè ti kán, ẹ̀jẹ̀ lè bo ojú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó gbé e wá ti jẹ́rìí pé ó ṣì lè dúró díẹ̀. Ẹ wò ó, ìpè kan ṣoṣo ti yọ ìdajì èrò kúrò lọ́rùn yín.

Ẹ wá kọjú sí àwọn tó kù nílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń ké, "Ẹsẹ̀ mi o! Ẹ gbà mí o!" Ẹni tó ń ké ń mí nìyẹn, kò tún sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ. Ẹ ka èémí rẹ̀: kò ju 30 lọ nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ń lù níbẹ̀. Ẹ ní, "Bọ̀ mí lọ́wọ́ kó o fún un," ó fún un. Káàdì àwọ̀ ìyeyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lóòótọ́, yóò sì nílò iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ó lè dúró fún wákàtí kan. Ẹ dìde, ó ṣì ń pè yín, ẹ lọ.

Ẹnì kejì jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sọ nǹkan kan. Àyà rẹ̀ ń fò kíákíá. Ẹ kà á: 36. Ẹ ò nílò láti ka nǹkan míì mọ́, pupa ni. Bí èémí bá ti ju 30 lọ, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá lù ní ọrùn ọwọ́, tàbí bí ẹ bá ní kó ṣe nǹkan tí kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó láti gba káàdì pupa. Ọkùnrin tó dákẹ́ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Tí ẹ bá tẹ̀lé ariwo, òun ló máa kú.

Ẹnì kẹta ò mí. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè ṣí. Bó bá mí, pupa. Bí kò bá mí, káàdì dúdú, ẹ dìde.

Ibi dúdú yìí ni mo máa ń rí i tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ti máa ń dúró gbagidi. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ wọn ní yàrá ìtọ́jú ni pé bí ọkàn ẹnì kan bá dáwọ́ dúró, kí wọ́n máa fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀ léraléra. Níbí, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé a ò ní gbìyànjú ni?" Bí ènìyàn kan péré ló ṣubú, tí àwa márùn-ún dúró lórí ẹ̀, à á gbìyànjú títí òógùn á fi bọ́. Àmọ́ bí ọgọ́rùn-ún bá ṣubú, tí àwa márùn-ún dúró, ogún ìṣẹ́jú tí a lò lórí ẹni tí kò mí mọ́ jẹ́ ogún ìṣẹ́jú tí ẹni tó ń mí 36 ò rí lò. Káàdì dúdú kò túmọ̀ sí pé ẹni náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ni pé pẹ̀lú iye ọwọ́ tó wà nílẹ̀ nísinsìnyí, a ò lè gbà á. Bí ọkọ̀ àwọn dókítà mẹ́wàá bá tún dé, wọ́n á padà wá wò ó. Wíwò lẹ́ẹ̀kan kì í tó. Ẹni tó gba ìyeyè láàárọ̀ lè di pupa kí ó tó di ọ̀sán. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ káàdì yẹn fi ṣeé ya: ewé ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyeyè lé e, pupa lé ìyẹn, dúdú wà lókè. Bí ara aláìsàn bá ń burú sí i, ẹ óò máa ya àwọ̀ kúrò. Bí ara rẹ̀ bá wá yá, ẹ ò lè lẹ èyí tẹ́ ẹ ti ya padà, àfi kẹ́ ẹ mú káàdì tuntun.

Ẹ ó rí i pé eré náà ò pa òfin yìí mọ́ tán. Ẹni tó bá ń ṣe triage kì í tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ó lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya, lẹ́yìn ìyẹn ó ti gba iwájú lọ. Kang Mo-yeon ṣe triage, ó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó tún bá àwọn sójà wọ abẹ́ àwókù. Yoo Si-jin wá bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó so okùn bàtà fún un. Àbúrò mi dá eré dúró níbẹ̀ kó lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tèmi, àkókò tí wọ́n fi so okùn bàtà yẹn ì bá tó yẹ ìdajì aláìsàn kan wò. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́, ó dùn ún wò.

Ibi tí mo ti gbà fún wọn ni ti àwọn ọkùnrin méjì tó há pọ̀ sábẹ́ àwókù kan náà. Ohun tó máa tú ọ̀kan sílẹ̀ ló máa pa èkejì, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí wọ́n máa gbà. Àwọn sójà dúró, wọ́n ń retí ẹnu rẹ̀. Ọ̀kan ló jáde láàyè. Káàdì kankan ò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló ní láti di káàdì náà.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn òǹwòran kì í sábà kà sí, tó sì jẹ́ pé òun ló wà nídìí ìjà àwọn olólùfẹ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo-yeon kọ́kọ́ kọ̀ Si-jin sílẹ̀ ní Seoul torí pé iṣẹ́ òun ni láti dá ẹ̀mí sí, iṣẹ́ tirẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí. Triage ni wọ́n ń jà lé, bí wọn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ní ojú ìjà, tí ìbọn ṣì ń dún, ìlànà ìtọ́jú tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò sọ pé kí sójà kọ́kọ́ yìnbọn padà, kí ó tó fa ẹni tó fara pa sẹ́yìn ààbò, kí ó sì fi okùn de ẹsẹ̀ tàbí apá tó ń dà ẹ̀jẹ̀ pinpin. Ohun yòówù tó bá kù á dúró di ìgbà tí ìbọn bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, òfin yí padà: Àdéhùn Geneva Àkọ́kọ́ ti ọdún 1949, òfin àgbáyé lórí àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ẹsẹ 12, sọ pé ìdí ìlera tó jẹ́ kánjúkánjú nìkan ló lè mú kí wọ́n tọ́jú ẹnì kan ṣáájú ẹnì kejì. Kò sí "tiwa ni, ẹ kọ́kọ́ gbé e". Yoon Myung-ju, dókítà tó tún jẹ́ ọmọ ogun nínú eré náà, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gágun, abẹ́ òfin méjèèjì ló wà lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n fún un láyè sí i.

Ní ilé ìwòsàn, níbi tí ilé ò ti wó, triage náà wà lójoojúmọ́, àmọ́ ìpele márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò àwọ̀ mẹ́rin. Kòríà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní KTAS, tí wọ́n mú jáde láti inú ti Kánádà. Ọdún 2016 tí eré náà jáde gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó káàkiri ibẹ̀. Ní ìlú Cape Town, wọ́n gbé tiwọn kalẹ̀ ní 2004 fún ilé ìwòsàn tí dókítà ò pọ̀ tó, tí nọ́ọ̀sì sì máa ń dá wà. Èyí sún mọ́ ilé wa jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyáàfin kan gbé màmá rẹ̀ wá, ẹsẹ̀ màmá ti wú láti ìdí ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ti jókòó fún wákàtí kan. Ọkùnrin kan wọlé, ó ń rìn fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ kí gbogbo èèyàn. Ó ní nǹkan kàn ń tẹ òun láyà díẹ̀ ni. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, yàrá náà sì tutù. Mo mú un wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìyáàfin náà dìde: "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yìí, ṣé ojú èèyàn lẹ̀ ń wò ni? Àwa la kọ́kọ́ dé! Àbí ẹ̀gbọ́n yín ni?" Mo bẹ màmá, mo fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, mo sì ṣàlàyé. Màmá ló gbọ́. Ọmọ wọn ò gbọ́ títí wọ́n fi lọ.

Mo ròyìn ẹ̀ fún àbúrò mi nílé. Ó ní ó ti yé òun báyìí, àmọ́ kí n sọ òótọ́: nínú àwọn méjì tó há sábẹ́ àwókù yẹn, ta ni èmi ì bá mú? Mo ní kó dá eré náà padà sẹ́yìn, kí n lè ka èémí wọn. Mo ti ka ẹni àkọ́kọ́ dé mọ́kànlá kó tó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi.