Ẹ Wo Inú Kòròfo Ọta Kí Ẹ Tó Dé E

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wá kọ́ ìbọn yíyìn lọ́dọ̀ mi ní Houston ń pọ̀ sí i, inú mi sì ń dùn sí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ kan tó wà lẹ́nu wọn ṣáá: "Ọta kékeré ni, kò lè ṣe nǹkan kan." Ọta .32 S&W Long ti ìbọn ìléwọ́ oníyípo ni wọ́n ń sọ. Ọdún 1896 ló jáde, àwọn eléré ìdárayá ṣì ń fi díje títí dòní, torí kì í gbọn èèyàn lọ́wọ́. Ó rọrùn lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tù inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fojú di, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń rọ ọta fúnra yín.

Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń rọ sínú irú ọta yìí láyé ijọ́un, ó sì máa ń kún inú kòròfo idẹ rẹ̀. Ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín lágbára jù ú lọ fíìfíì. Bíi gréènì 2 tàbí kó lé díẹ̀ ni à ń rọ, bẹ́ẹ̀ gréènì 7,000 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ìsàlẹ̀ kòròfo lọ́hùn-ún ló máa ń wà. Bí ọkàn yín bá ṣí kúrò nídìí iṣẹ́, tí ẹ rọ ẹ̀tù sínú ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, kò ní kún jáde kí ẹ lè mọ̀. Ẹ óò fi òjé, ìyẹn orí ọta tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn, dé e, ẹ óò kó o mọ́ àwọn yòókù nínú páálí, kò tún sí ojú tó lè dá a mọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti rọ ẹ̀tù tán, ẹ to gbogbo wọn sínú àtẹ oníhò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, kí ẹ máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ bá ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ dà á jáde, kí ẹ tún un wọ̀n. Èyí tó ṣófo náà léwu. Práímà, ìyẹn ohun kékeré ìdí kòròfo tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, òun nìkan tó láti ti òjé wọnú ọ̀pá ìbọn kó sì há síbẹ̀. Ìbọn á kàn dún "pù" dípò "gbàù". Bí ẹ bá gbọ́ "pù" yẹn, ẹ má fà á mọ́! Ẹ dojú ìbọn kọ ibi àmì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ kó ọta inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá ti irin gbọọrọ bọ ọ̀pá rẹ̀ wò. Bí ọta kejì bá fi lọ bá èyí tó há, ọ̀pá ìbọn á wú, tàbí kó fàya.

Ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ rí i lórí YouTube. Ẹnìkan ní òun ti bọ Ògún sí ìbọn òun, nǹkan kan ò lè ṣe òun. Àwọn ọdẹ ilé wa tó ń bọ Ògún tọkàntọkàn, ṣé wọ́n ń bu ẹ̀tù ní ìbukúbu ni?

Ẹ̀gbọ́n kan gbé ìbọn rẹ̀ wá bá mi. Ilé ọta tó ń yí ti là sílẹ̀ lójú mẹ́ta, irin tó kọjá lórí rẹ̀ ti ká sókè. Ó ní, "Àbúrò, ṣé wọ́n lè bá mi jó o pọ̀?" Mo bi í pé níbo ló ti rí ọta. Ó ní òde àríyá ni, lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń rọ ọ́ nínú gáréèjì, nínú ọ̀rá, láìsí àkọlé. A tú àwọn tó ṣẹ́kù. Ẹ̀tù wọn ò dọ́gba rárá, ẹyọ kan sì wà tí wọ́n rọ lẹ́ẹ̀mejì gédégédé. Àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n ti kú tipiri. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń yìn ín, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ilé ọta tó bá ti là, wọn kì í jó o. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ẹ rọ ọta fún ìlò ara yín láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ń rọ ọ́ tà gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹni tó ta ọta fún ẹ̀gbọ́n ò ní in, ó sì ṣì ń pín in káàkiri òde àríyá. Bí ó bá fi lọ̀ yín, ẹ má gbà á, kódà lọ́fẹ̀ẹ́.