Ẹ Yéé Fún Omi Ọsàn Sínú Iyọ̀

Kérésì ò tíì dé, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Ọdọọdún ni. Tí òtútù bá ti mú nílùú Ọba níbí, tí oníkálukú ń wá nǹkan tí kò le tí wọ́n máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòlótòló lórí tábìlì, ẹnìkan á ṣáà jáde pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iyọ̀ ọsàn nílé: ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù méjì sínú iyọ̀, ẹ rò ó pọ̀, ẹ gbé e sínú ófùn títí táá fi gbẹ, ó parí. Èèpo ńkọ́? Èèpo ti wà nínú bíìnì.

Mo ti jẹ iyọ̀ yẹn nílé bí ẹni mẹ́ta. Ó kan, kò sì ju kó kan náà lọ. Tí ẹ bá dijú tọ́ ọ wò, ẹ ò ní mọ̀ bóyá lẹ́mọ́ọ̀nù ni àbí fínígà.

Tí ẹ bá wá sọ pé èèpo ló yẹ kí wọ́n lò, gbólóhùn kan ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn: "ṣebí omi inú ẹ̀ la máa ń mu." Wọn ò ní kúrò níbẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá o, mi ò fi bú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́sàn ló kọ́ wa. Ó máa fi ọ̀bẹ bó èèpo aláwọ̀ ewé yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èèpo á máa já bọ́ sílẹ̀, á gé e lórí, àwa náà á fún un mu, a ó ju ìyókù nù. Látìgbà yẹn, ìdọ̀tí ni èèpo lójú wa. Àmọ́ àwa yìí kan náà la máa ń fún èèpo ọsàn síwájú iná àbẹ́là nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, táá máa ta pàrà pàrà, tí inú wa á máa dùn. Àwa náà la fún un sójú ọ̀rẹ́ wa títí ó fi ké. Àwọn ìyá wa ń sá a gbẹ, wọ́n ń sun ún nírọ̀lẹ́ láti lé ẹ̀fọn. Kí wá ló ń gbaná níbẹ̀? Ṣé omi ló ń gbaná ni?

Epo ni. Inú awọ òde tó ní àwọ̀ yẹn, àpò kéékèèké ló kún ibẹ̀, epo ló sì wà nínú wọn. Nínú epo ọsàn mímu, ohun tó ju 90 lọ nínú 100 ló jẹ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní limonene. Ti lẹ́mọ́ọ̀nù ní èròjà mìíì tó ń jẹ́ citral nínú, òun ló ń jẹ́ kí imú mọ̀ pé lẹ́mọ́ọ̀nù rèé. Epo àti omi kìí sì í bára wọn da pọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tó wà nínú omi lẹ́mọ́ọ̀nù ni kíkan, bíi 5 sí 6 nínú 100, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sínú ófùn, omi á gbẹ lọ, òórùn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ á bá a lọ, kíkan á ṣẹ́ kù. Tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ fẹ́, kí lẹ tún ń jó gáàsì fún? Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Tọ́kì, ẹ ra limon tuzu. Orúkọ ẹ̀ ni iyọ̀ lẹ́mọ́ọ̀nù, citric acid sì ni, ìyẹn kíkan inú lẹ́mọ́ọ̀nù gan-an. Lẹ́mọ́ọ̀nù ò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́, torí láti 1917 tí onímọ̀ kẹ́mísírì kan, James Currie, ti rí i pé èébu dúdú kan (irú nǹkan tó máa ń hù lára oúnjẹ tó bá bàjẹ́) tó ń jẹ́ Aspergillus niger lè fi ṣúgà ṣe é, tí ilé iṣẹ́ Pfizer sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀ ní 1919, èébu ló ń bá wa ṣe kíkan. Ẹ wá wo tíì Earl Grey tí gbogbo yín ń mu. Epo èèpo bergamot, irú ọsàn kíkan kan, ló ń ta sánsán níbẹ̀. Ta ló fún omi ọsàn sí i?

Ẹlòmíì á ní tí kò bá sí iyọ̀, kí á kúkú fún omi ẹ̀ sí ẹ̀fọ́ tó wà lórí iná. Ẹ wo Brussels sprouts yín, ẹ̀fọ́ tó dà bíi kábéèjì kéékèèké yẹn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa rò pé ti ọdún tó kọjá ni. Kíkan ló ń ba àwọ̀ ewé jẹ́. Pòtétò tí wọ́n bá sì sè nínú omi kíkan kìí tètè rọ̀. Kábéèjì pupa nìkan ni mo gbà fún wọn, torí omi ẹ̀rọ London, èyí tó máa ń fi nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù, lè sọ ọ́ di búlúù, kíkan ló ń jẹ́ kó pupa.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Mo máa rin èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù méjì pẹ̀lú gírétà tó ní ojú kéékèèké, awọ òde nìkan, tí mo bá ti rí funfun mo dúró torí funfun yẹn korò. Mo máa fi ọwọ́ rún un pọ̀ mọ́ iyọ̀ oníhóró bíi 100 gíráàmù, mo tẹ́ ẹ sórí tíréè nítòsí rédíétọ̀ mọ́jú. Ó tán. Kárọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bọ́tà sun, pòtétò, ẹ ṣáà dúró kó jáde nínú ófùn kí ẹ tó wọ́n ọn sí i.

Mi ò sọ pé kò ní àléébù o. Bó ṣe ń gbẹ ni òórùn ẹ̀ ń dín kù, tí ẹ bá gbé e pa mọ́ pẹ́ jù, iyọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò lásán ló kù. Ẹni tó kàn rin èèpo tútù lé pòtétò lórí, tó wá bu iyọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa.

Wọ́n á tún ní wáàsì wà lára èèpo, pé ti àbẹ́là ni. Rárá, wáàsì tí wọ́n sábà ń lò, ara kòkòrò kan tàbí ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil ló ti wá. Èyí tí èmi ń wò ni oògùn tí wọ́n fi ń lé èébu, bíi imazalil, ẹ ka ara pálí. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ unwaxed sí, ìyẹn èyí tí wọn ò fi wáàsì pa, ẹ sì tún fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá wá fẹ́ fi gíréèpù ṣe é, ìyẹn èyí ńlá tó korò díẹ̀ yẹn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń bọ̀ wá jẹun bóyá wọ́n ń lo simvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, torí gíréèpù máa ń jẹ́ kí oògùn yẹn pọ̀ jù lára. Bóyá ìwọ̀nba tó wà nínú iyọ̀ kéré jù láti fa nǹkan kan, àmọ́ lẹ́mọ́ọ̀nù ṣáà wà lọ́jà.