Ẹ Má Gba Orógùn Lọ́wọ́ Rẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn tí kò ríran mọ́ bí wọn yóò ṣe máa ṣe iṣẹ́ ilé. Ohun tí àwọn ìyá n'Ìbàdàn sì kọ́kọ́ máa ń bi mí kì í ṣe bí wọn yóò ṣe mú ọ̀pá dání. Wọ́n á ní, "Ṣé mo ṣì lè rokà báyìí?"

Ẹ lè rò ó. Láti ọjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bódìjà, ẹ ki ọwọ́ bọ èlùbọ́ kí ẹ tó nájà: èyí tó dára gbẹ, ó sì kúnná, èyí tó bá ti bu, imú yín yóò sọ. Bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí kọ́ńgò, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ga tàbí wọ́n gé e. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó bá tìtorí ìyẹn bínú, ẹ fi í sílẹ̀.

Nídìí iná, etí ló niṣẹ́. Omi kì í tíì hó nígbà tó bá ń pariwo jù. Ẹ dúró kí ariwo yẹn rọlẹ̀, kí ọmọrí ìkòkò máa gbọ̀n. Ẹ wá pa gáàsì pátápátá kí ẹ tó da èlùbọ́ sí i. Ẹ fi aṣọ tó nípọn di etí ìkòkò mú, ẹ máa rò ó láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Orógùn yóò kọ lu kókó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kó fọ́. Ẹ wọ́n omi gbígbóná sí i, ẹ dé e lórí iná kékeré kó jinná, ẹ tún un rò.

Ewédú kò le, ìjábẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Gbẹ̀gìrì ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí ó máa ń jó nísàlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ síwájú ẹni tí kò ríran, ẹ sọ ibi tí ohun gbogbo wà: "Omi ìfọwọ́ rèé lápá òsì yín, ẹja wà lórí ọbẹ̀, ó légun." Ó tó. Ọwọ́ la fi ń jẹ àmàlà, kò sẹ́ni tó ń fojú bu òkèlè.

Ẹnìkan tí mo kọ́ lọ síbi ìkómọ nílé wọn lọ́dún kan. Ìyàwó ilé kan já orógùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ lọ jókòó, Mà." Ó jókòó lóòótọ́, àmọ́ ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀wà tí wọ́n ti bó tán wá. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì ń ṣa èèpo tí wọ́n fi sílẹ̀ jáde, ẹyọ kan, ẹyọ kan, títí ó fi kún àwo kékeré.