Oògùn jẹjẹrẹ tuntun, ẹjọ́ páténtì àtijọ́

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú oògùn jẹjẹrẹ tó ń dá sẹ́ẹ̀lì mọ̀ kó tó pa á: áńtíbọ́dì tó ń lẹ̀ mọ́ àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì náà, májèlé tó ń pa á, àti okùn kẹ́míkà tó so méjèèjì pọ̀. Ìjà páténtì, ìwé àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú iṣẹ́ ẹni, bẹ̀rẹ̀ níbi pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Alágbẹ̀dẹ Kàbà tó ki irin ọkọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ bọ ẹ̀rúkọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ò lè ní kí ará Ìsánlú má ṣe irú rẹ̀ fún 20 ọdún.

Ní Amẹ́ríkà, abala 103 òfin páténtì ló sọ bẹ́ẹ̀: ohun tó bá ti hàn gbangba sí ẹni tó mọṣẹ́ náà níwọ̀n, kò sí páténtì fún un. Ẹjọ́ KSR àti Teleflex lọ́dún 2007 mú un le sí i. Ọ̀rọ̀ ibi tí dírẹ́bà ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré ni wọ́n bá dé kóòtù o, àmọ́ àwọn olóògùn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ dòní.

Bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì páténtì bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fúnni ní páténtì, oníṣẹ́ lè gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ adájọ́ PTAB. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ó lè lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Federal Circuit, tí kì í gba ẹ̀rí tuntun, tàbí kó pe ọ́fíìsì náà lẹ́jọ́ ní Virginia, níbi tó ti lè mú onímọ̀ àti ẹ̀rí tuntun wá.

Virginia ni ilé iṣẹ́ olóògùn ImmunoGen gbà lórí IMGN853, oògùn jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Wọn ò jà lórí oògùn fúnra rẹ̀, ìwọ̀n tí aláìsàn ń gbà ni. Oògùn náà ń da ojú aláìsàn láàmú, ilé iṣẹ́ náà sì ní kí wọ́n má wọ̀n ọ́n mọ́ kílò ara gan-an, kí wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ ìwọ̀n tó yẹ gíga ẹni náà, kí wọ́n wá fi díẹ̀ kún un lára ohun tó fi sanra jù ú lọ. Wọ́n ní kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn pé IMGN853 ń ṣe ojú, báwo ni ojútùú ṣe máa hàn? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn mìíràn tó ní májèlé kan náà ti ń ṣe ojú tẹ́lẹ̀, ìṣirò ìwọ̀n ara yẹn náà sì ti wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹta 2025, Federal Circuit, tí ẹjọ́ náà ti Virginia dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní ó hàn gbangba.

Ẹ̀rí ló ń yọni. Lọ́dún 2015, PTAB jẹ́ kí páténtì ImmunoGen mìíràn dúró, èyí tó so májèlé mọ́ áńtíbọ́dì tó ń jẹ́ trastuzumab, nítorí ẹ̀rí pé àbájáde rẹ̀ ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, pé àwọn aláìsàn sì ti ń retí irú rẹ̀ tipẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, òfin páténtì 1970 náà béèrè bóyá iṣẹ́ náà hàn gbangba, àmọ́ ọ́fíìsì tó wà ní Abuja kì í yẹ ìyẹn wò kó tó fúnni. Ẹni tó gba páténtì ló gbà á sọ́rùn ara rẹ̀. Ará Kàbà tó bá fẹ́ kí wọ́n fagi lé e, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, èyí tó ní ẹ̀ka ní Lọ́kọ́ja, ló máa gbé e lọ, adájọ́ ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ béèrè ohun tí òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ti máa ń béèrè kí ìwé tó jáde.